Kí Ọ̀rọ̀ Má Sọnù: Àkọsílẹ̀ Sinimá Alágbèéká Wa ní Ilẹ̀ Okun

Etí ni a fi ń wo fíìmù Yorùbá. Ojú kàn ń bá a ṣe ni. Ẹni tó bá ti jókòó ti àgbàlagbà nídìí fíìmù rí á mọ ohun tí mò ń wí. Bí òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ òwe, àgbà á ti bá a parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ki oríkì, á máa mi orí. Bí ẹnì kan bá fèsì àfojúdi sí ìyá ọkọ rẹ̀, gbogbo ilé á hó yèè. Inú ọ̀rọ̀ ni fíìmù náà wà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ yìí fi dá lórí ohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ wa ni bí aṣọ tí a ń tan àwòrán sí ṣe tóbi tó.

Ohun tí à ń ṣe rèé. A kó ohun èlò sinimá jọ, èyí tó lè wọ inú bọ́ọ̀sì kékeré kan, a sì ń gbé e lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń pé jọ tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí: gbọ̀ngàn kan ní Kàbà, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìyàrà, ìta gbangba ní Ògìdì. Mọ̀pà àti Ìsánlú ló kàn. Ibì kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ tirẹ̀, alẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní fíìmù tó bá ibẹ̀ mu. Bí fíìmù bá parí, a kì í tètè tú ká. À ń jókòó sọ ohun tí a rí. Fíìmù ti di ohun tí kálukú ń tẹjú mọ́ lórí fóònù nínú yàrá tirẹ̀, tí wáyà dí i létí pa. Mo fẹ́ kí bàbá àti ọmọ tún jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tìtorí èyí ni mo ṣe dáwọ́ lé e.

ÀWỌN TÓ TI GBÉ E KIRI ṢÁÁJÚ WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa la dá a sílẹ̀. Ní 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit, ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, sílẹ̀ nítorí ogun, ọkọ̀ sinimá sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìlú àti abúlé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹnì kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, á máa fi èdè àwọn ará ibẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi hàn, ogun, ìmọ́tótó, iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kí ẹnì kan máa gbé ọ̀rọ̀ fíìmù sí èdè ìlú, ọgbọ́n tó yẹ ká mú ni.

Àwọn tí mo kà sí baba iṣẹ́ yìí ni àwọn òṣèré alárìnjó tó di onífíìmù. Hubert Ògúndé gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1979. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ọmọ Agbamu ní Kwara, wà níbẹ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé róòlù fíìmù àti ẹ̀rọ wọn láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn fúnra wọn, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fi róòlù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè mọ iye tó wọlé. Kwara ni ilẹ̀ Okun wà nígbà yẹn. Ó di 1991 kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé gbọ̀ngàn kò ní yí padà nítorí ẹ̀rọ ẹni. Ẹlẹ́rọ ló gbọ́dọ̀ wo gbọ̀ngàn kó tó mọ ohun tí yóò gbé wá.

AṢỌ FUNFUN ÀTI FÉRÉMÙ

Télọ̀ kan ní Kàbà ló rán aṣọ náà. Irú èyí tí wọ́n ń rán sí ẹ̀yìn kọ́tínì kí oòrùn má bàa wọlé ni a lò: ó nípọn, ojú rẹ̀ kan funfun, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè gba inú rẹ̀ jáde sẹ́yìn. Ó fẹ̀ ní mítà 4, ó ga ní mítà 2.25, ìyẹn ìwọ̀n 16 sí 9 tí fíìmù òde òní sábà máa ń jẹ́. Fíìmù àgbéléwò àtijọ́ jẹ́ 4 sí 3, nítorí náà mítà 3 péré ni àwòrán wọn ń fẹ̀ dé lórí aṣọ yìí. A rán aṣọ dúdú méjì láti fi bo ìdajì mítà tó ń ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún àti lósì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n àlàfo eérú tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán máa ń fa ojú kúrò nínú rẹ̀.

Férémù jẹ́ páìpù irin tí ajórin gé kúkúrú kí ó lè wọ bọ́ọ̀sì. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, irin tó tín-ín-rín díẹ̀ ló wọ inú páìpù méjèèjì, bọ́ọ̀tì kan sì dè é. Rọ́bà tí a gé lára túùbù taya la fi so aṣọ mọ́ férémù dípò okùn, kí ó lè máa fà díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dé. Ẹ má fojú kéré afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń sáré ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì dojú kọ aṣọ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án níbùú lóròó, agbára tó fi ń tì í tó ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan ó lé díẹ̀. Níta, okùn mẹ́rin ló ń di férémù mú, a sì ń kó iyanrìn sínú àpò lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

ÌMỌ́LẸ̀

Ibí yìí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Purojẹ́tọ̀ tòkunbọ̀ tó ní 3,600 lumens, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ni a rà. Bí a bá pín in sórí aṣọ mítà mẹ́sàn-án níbùú lóròó, nǹkan bí 400 lux, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó, ló ń bọ́ sí ojú kan, ìyẹn sì tó lálẹ́. Òṣùpá àrànmọ́jú kò ju ìdá díẹ̀ nínú lux kan lọ, kò lè ba nǹkan jẹ́. Gílóòbù tí onísọ̀ọ̀ kan tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ló lè bà á jẹ́, nítorí náà a máa ń lọ kí àwọn alájọgbé gbọ̀ngàn ṣáájú, ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí iná wọn sí ọ̀nà mìíràn.

Àkókò ló gba ìrònú. Ní ilẹ̀ wa, nínú oṣù kọkànlá, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀. Ní oṣù keje, ó máa ń tó aago méje. Ilẹ̀ á sì ṣú pátápátá ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Ọyẹ́ ní wàhálà tirẹ̀: eruku rẹ̀ máa ń dí àwọ̀n tí purojẹ́tọ̀ fi ń mí, ẹ̀rọ á gbóná, á sì pa ara rẹ̀. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, a ń fọn àwọ̀n náà mọ́ kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

GBỌ̀NGÀN TÓ Ń GBA Ọ̀RỌ̀ MỌ́ ÈNÌYÀN LẸ́NU

A gbé ohun èlò wọ gbọ̀ngàn Kàbà, a sì fi fíìmù kan dán an wò nígbà tí ibẹ̀ ṣófo. Àwòrán dára. Ọ̀rọ̀ kò ṣe é gbọ́. Ohùn ń jáde, ó tilẹ̀ ròkè, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọ̀rọ̀ kan ń gun èkejì lẹ́yìn. Ẹni tó wà nídìí míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣètò ohùn, fẹ́ fi kún un. Ẹ̀gbọ́n kan, tó ti ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí a ti wà ní ọmọdé, gbá a lọ́wọ́ mú.

“Àbúrò, dín in kù. O ń bínú sí sípíkà, ògiri ló ń sọ̀rọ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó ga ní mítà 4.5. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, sìmẹ́ńtì dídán ni ògiri, bẹ́ẹ̀ ni sílíìnì rẹ̀ le bí pákó. Kò sí ohun rírọ̀ kan níbẹ̀ tó lè gba ohùn mì. A fọ́ bàlúùnù kan láàárín gbọ̀ngàn, a fi fóònù gba ìró rẹ̀ sílẹ̀, a sì wo bí ó ṣe ń kú lọ: ó ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ kí ó tó parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìṣirò yìí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ní téèpù ìwọ̀n lè ṣe é fún gbọ̀ngàn ìlú tirẹ̀. Wallace Sabine, olùkọ́ kan ní Harvard ní Amẹ́ríkà, ló wá a rí. Ní 1895 ni wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ohùn máa ń dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5.5 bí ó bá ṣófo. Sabine ń kó tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn mìíràn wá lóru, ó ń tò wọ́n síbẹ̀, ó ń fọn fèrè ọ̀gáànù, ó sì ń fi aago wo bí ìró rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Òfin tó mú jáde kò le: gba àyè inú gbọ̀ngàn, kí o fi 0.161 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá fi iye ohun tó ń gba ohùn mì níbẹ̀ pín in. Àyè gbọ̀ngàn tiwa jẹ́ mítà 900 níbùú, lóròó àti ní gíga. Ojú ilẹ̀, ògiri àti sílíìnì lápapọ̀ jẹ́ mítà 670 níbùú lóròó, wọn ò sì gbà ju bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohùn lọ, ìyẹn bí 33.5. Pín in, wàá rí 4.3. Bàlúùnù kò parọ́.

Ní èdè tiwa, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ máa ń sọ bíi sílébù márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó bá fi máa dé orí ogún, èyí tó kọ́kọ́ sọ ṣì ń fò kiri nínú gbọ̀ngàn. Orí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá gbé ìtumọ̀ lé. Bí gbogbo wọn bá dà pọ̀, ohun tó kù kò ju ariwo tó ń dún bí orin lọ. Àwọn tó ń fi èdè mìíràn wo fíìmù lè máa ka àkọlé ìsàlẹ̀. Ìyá mi kì í kàwé; etí rẹ̀ nìkan ló ní.

A kò lówó láti ra ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Okun ló ní kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró, ní Bùnú, ní Ìjùmú àti kiri. Mo lọ bá ìyá kan tó ní i lọ́wọ́ dáadáa.

“Okun o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní kíjìpá fún alẹ́ ọjọ́ kan.”

“Okun, ọmọ mi. Sinimá wo ló ń wọ aṣọ?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní àwọn àgbà ti mọ̀ pé ilé tó bá ní aṣọ kì í dún. Ó yá wa, ó tún bá wa bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe fi í kọ́ ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gbé ohùn kì í mì lójú ògiri gan-an. Ó ń mì níwájú rẹ̀ díẹ̀. Fún ìró tó wà láàárín ohùn ènìyàn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17 sí ògiri ló yẹ kí aṣọ wà. A so ọparun mọ́ ìṣó tó ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, a fi kíjìpá kọ́ sórí rẹ̀, a sì jẹ́ kí ó wé, kí ó má nà tán. Ògiri ẹ̀yìn la kọ́kọ́ bò, nítorí òun ni ohùn sípíkà ń kọlù tààrà, tó sì ń dá a padà sí etí àwọn tó wà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 60 níbùú lóròó, ó sì ń gba nǹkan bí ìdajì ohùn tó bá kàn án, ìyẹn 30. Pín in lẹ́ẹ̀kan sí i: 4.3 di 2.3.

Èyí tó kù, àwọn ènìyàn ló ń ṣe é. Ẹnì kan tó wọ aṣọ tó sì jókòó ń gba ohùn tó bíi 0.4, bí 150 bá wọlé, 60 nìyẹn. Gbọ̀ngàn tó kún pẹ̀lú kíjìpá lára ògiri rẹ̀ bọ́ sí ìṣẹ́jú-àáyá 1.2, ìyẹn sì sún mọ́ ohun tó dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: èrò tó wá gbọ́ fíìmù ló ń tún gbọ̀ngàn ṣe kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Sípíkà náà yí ipò padà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, orí ìtàgé ni wọ́n wà, wọ́n dojú kọ ògiri ẹ̀yìn. A gbé wọn sókè tó mítà méjì ó lé, a sì dẹ orí wọn wálẹ̀ kí ohùn lè bọ́ sí orí èrò dípò orí sìmẹ́ńtì. Lórí míksà, a gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 120 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), nítorí ìró tó wúwo ni gbọ̀ngàn ń tọ́jú pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. A fi díẹ̀ kún àárín 2,000 sí 4,000 Hz, ibi tí kọ́ńsónáǹtì ń gbé.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ṣe é gbọ́? A kò fi òwe dán an wò. Òwe tí àgbà ti mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ kò dé etí òun. Orúkọ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò tẹ̀ lé ara wọn la kọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan kà wọ́n sínú gbohùngbohùn níwájú, àwọn mìíràn jókòó káàkiri gbọ̀ngàn, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Kí kíjìpá tó wọlé, àwọn tó wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé wọn jọ ti àwọn tó wà níwájú. Ìyá tó yá wa láṣọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, kò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń tún orúkọ náà pè sókè, kò sì ṣi ẹyọ kan pè.

Ohun kan wà tí aṣọ kò lè wò sàn: òjò lórí páànù. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, a kì í ṣe ti inú gbọ̀ngàn tí kò bá ní sílíìnì.

ÌYÀRÀ, ÀTI Ọ̀RỌ̀ INÁ

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìyàrà yàtọ̀. Fèrèsé ló kún ògiri méjèèjì, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kò sì dá ohùn kankan padà rárá. Sabine fúnra rẹ̀ fi fèrèsé ṣíṣí ṣe òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ohun gbogbo mìíràn. Nítorí náà, a kò nílò kíjìpá púpọ̀ níbẹ̀. A kàn ṣí fèrèsé, a dúró kí ilẹ̀ ṣú, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde ni ariwo ń gbà wọlé, jẹnẹrétọ̀ ni ariwo tó sì sún mọ́ wa jù lọ. Bí a bá gbé e jìnnà ní ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ máa ń dín ní desibẹ́ẹ̀lì 6 (desibẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo), ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín tọkọtaya nínú fíìmù kò lè bá a du àyè.

Ìdí rèé tí a fi ra bátìrì. Líthíọ́ọ̀mù ni, fóltì 24, ámpù-wákàtí 100, tí ó ń gba wáàtì-wákàtí 2,400. Purojẹ́tọ̀ ń jẹ bíi wáàtì 300, ohùn 120, lápútọ́ọ̀pù 60. Bí a bá fi ohun tí ínfátà ń jẹ kún un, ó tó 550. Bí a kò bá jẹ́ kí bátìrì ṣófo tán, ó lè gbé wa fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀: fíìmù, ọ̀rọ̀ ìṣáájú, àti ìjókòó tó tẹ̀ lé e. Iná ìjọba tàbí páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ló ń kún un lọ́sàn-án. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Gílóòbù irú purojẹ́tọ̀ wa gbóná gan-an, fáànù rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á. Iná tó bá já lójijì á pa gílóòbù àti fáànù pọ̀, gílóòbù kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn irú èyí. Pẹ̀lú bátìrì, iná kì í já.

ÀṢẸ

Ní 1982, Bàbá Sàlá fi owó ńlá ṣe fíìmù kan, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri kí owó rẹ̀ tó wọlé, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ká kàn wa fíìmù sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti 2022 sọ pé ẹni tó ni fíìmù ló ní ẹ̀tọ́ láti gbà kí wọ́n fi í hàn ní gbangba. Fíìmù tí ènìyàn sanwó wò nínú ilé kò di ti gbọ̀ngàn. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, náà ní ọ̀rọ̀ sọ lórí fíìmù tí a bá máa fi han èrò. A ń kọ lẹ́tà: ibi tí a ó ti fi hàn, ọjọ́ rẹ̀, bí èrò ṣe lè pọ̀ tó, bóyá a ó gbowó. Ọ̀pọ̀ onífíìmù tí a kọ̀wé sí ló dáhùn pẹ̀lú inú dídùn. A ń pa ẹ̀dà tí wọ́n bá fún wa rẹ́ lójú àwọn alábòójútó ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, a sì ń kọ̀wé sọ fún oní-nǹkan bí èrò ṣe gbà á.

ÒGÌDÌ

Ògìdì ni ìlú Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tó sì gbé adìrẹ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ibi tó dára jù ú lọ fún fíìmù nípa aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ, nítorí náà òun la mú lọ síbẹ̀, a sì ṣe é níta lábẹ́ ọ̀run.

Níta, kò sí ògiri. Ọ̀rọ̀ kì í rú. Ó kàn ń lọ ni, kò sì padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohùn tó tó fún àwọn tó wà níwájú á dí wọn létí bí a bá fẹ́ kó dé ẹ̀yìn. A wá gbé sípíkà méjì mìíràn sí àárín èrò, ní mítà 20 síwájú àwọn ti àkọ́kọ́. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ohùn iwájú á pẹ́ ní nǹkan bí ìdá 59 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé ibi tí ti àárín wà. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Míksà wa ní ibi tí a ti lè dá ohùn dúró díẹ̀. A fi ti àárín sí 60, ọ̀rọ̀ sì di ẹyọ kan.

Àpáta ló yí Ògìdì ká. Kí a tó ri férémù mọ́lẹ̀, a pàtẹ́wọ́ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì ń tẹ́tí. Apá kan dá a padà ketekete. A yí aṣọ sí ibòmíràn kí sípíkà má bàa kọjú sí apá náà.

Arákùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń fi ẹ̀ka èdè Ìjùmú sọ kókó ohun tí fíìmù ń sọ níbi tí Yorùbá inú rẹ̀ bá ti jìnnà sí ti ibẹ̀. Kò sọ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gorí ọ̀rọ̀ òṣèré. Nígbà tí fíìmù parí, ìyá àgbà kan dìde, ó ní ká dá a padà síbi tí wọ́n ti ń ran òwú.

“Ẹ pa ẹnu rẹ̀. Èmi á sọ ọ́.”

A pa ohùn fíìmù. Wọ́n fún un ní gbohùngbohùn, ó sì ń ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ń lọ: irú òwú tó dára, bí ọwọ́ ṣe ń yí, ohun tí ìyá tirẹ̀ máa ń sọ bí òwú bá já, orin tí wọ́n ń kọ kí oorun má bàa gbé wọn. Àwọn ìyá mìíràn ń bá a gbè é láti orí ìjókòó wọn. Ó ní ká tún dá a padà, a dá a padà. Àwọn ọmọdé tó ti ń sùn jí. A gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí míksà pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ti bí, òun ni mo gbé lé orí jù.

OHUN TÓ KÙ

Láti ìgbà náà ni a ti fi ohun kan kún ètò alẹ́ kọ̀ọ̀kan: lẹ́yìn fíìmù, ẹnì kan láti ìlú náà yóò yan apá kan, a ó pa ohùn rẹ̀, òun ni yóò sì sọ ọ́. Èyí fi hàn pé a nílò gbohùngbohùn aláìlówàyà kejì, kí ẹni tó fẹ́ fèsì má bàa rìn wá síwájú.

A kò fẹ́ máa yá kíjìpá títí. A ti bá àwọn tó ń hun aṣọ ní Bùnú sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n hun tiwa, èyí tó nípọn, aláìláwọ̀, tó gùn ní mítà 3, pẹ̀lú ihò ní etí rẹ̀ tí ọparun lè gbà kọjá. Owó iṣẹ́ wọn ló kàn tí a ń kó jọ.

Ní Mọ̀pà, ìta ni a ó lò, àwọn alábòójútó sì ti fún wa ní àyè. Ní Ìsánlú, a ti fi téèpù wọn gbọ̀ngàn: mítà 16 ní gígùn, 9 ní fífẹ̀, 4 ní gíga, sìmẹ́ńtì láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá ṣófo, ìṣirò sọ pé ohùn á dúró níbẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú-àáyá 3.8. Kíjìpá mítà 40 níbùú lóròó àti èrò ọgọ́rùn-ún á gbé e wá sí nǹkan bí 1.1. A ó gbé bàlúùnù lọ kí a tó gbé aṣọ lọ.